Ààlè Tí Mo So Sí Ìdí Igi Agbálùmọ̀ Nítorí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Èmi ni mo so ààlè tó wà ní ìdí igi agbálùmọ̀ lọ́nà Àpòmù. Èmi tí mo kọ ìròyìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, tí mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "títí di àkókò tí a ń kó ìròyìn yìí jọ, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó so ó," èmi yìí náà ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn.

Oníròyìn ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, Ìkirè ni mo sì fi ṣe ibùjókòó. Ẹrù yìí ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà ọyẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ni pé Baálẹ̀ abúlé tí igi náà wà ti dá ọjọ́, igi kan sì fẹ́ kú sórí ọ̀rọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ti yí orúkọ àwọn èèyàn padà. Kì í sì í ṣe ìwé ìròyìn tiwa ni mo kọ èyí sí.

Ìjọ Aládùúrà tí ìyàwó mi ń lọ ló pàgọ́ fún ọjọ́ méje nínú oko kan láàárín Ìkirè àti Àpòmù. Tapólì ni a fi ṣe àgọ́, orí ẹní ni a ń sùn. Nígbà tí ìyàwó mi ní kí n bá òun lọ, mo ní mo níṣẹ́. Ó ní, "Bàbá Tósìn, ṣebí fóònù lẹ fi ń ṣiṣẹ́? Ẹ gbé e dání." Mo gbé e dání. Fóònù méjì, síìmù mẹ́ta.

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí ìkankan.

Olóòtú mi kì í gbọ́ "kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì." Aago méjìlá ọ̀sán kò gbọdọ̀ lù kí ìròyìn mi má tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gun orí tánkì omi. Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọjú, ó tún wọlé bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ẹnìkan ní kí n gbé fóònù sínú abọ́ páànù, pé páànù máa ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Oòrùn ni páànù fà. Fóònù náà gbóná títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun òkè kékeré kan tó wà lẹ́yìn àgọ́. Igi agbálùmọ̀ ńlá kan wà lórí rẹ̀. Bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdáwọ́ dúró. Gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ láti àná ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, olóòtú mi ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo fi ìròyìn ránṣẹ́, mo fi fọ́tò tẹ̀ lé e, ó lọ kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò bá tíì wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú oko rí kò lè mọ irú ayọ̀ yẹn.

Àṣìṣe mi ni pé mo hó.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ìdí igi náà ti di ìsọ̀. Káyọ̀dé, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ń bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ń rí ojú ara wọn. Àwọn akọrin ń fa orin sórí fóònù. Màmá Akọrin, olórí wọn, ń fi àgọ́ han àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń tín-ín-rín sí i. Fọ́tò tèmi ń yípo lójú kan.

Màmá Akọrin ní, "Oníròyìn, sún díẹ̀. Orí rẹ ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi lọ́nà."

Mo ní, "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í gba ẹ̀gbẹ́ orí èèyàn wá."

"Ta ló sọ fún ẹ? Sún!"

Mo sún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá mi sún. Ìròyìn ọjọ́ yẹn kò wọ ìwé, olóòtú mi sì bi mí bóyá ìsinmi ni mo lọ tàbí iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ààlè. Ẹni tó bá ní nǹkan, tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, á so àkísà tàbí ìkarahun ìgbín mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á kàn yà fún un. Oní-nǹkan nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti so ó. Ìyẹn gan-an ni mo gbàgbé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, nígbà tí ìjọ wà lórí àdúrà, mo mú ìkarahun ìgbín kan àti ṣùkù àgbàdo ní ìdí ààrò. Mo nílò aṣọ pupa. Ìró ìyàwó mi nìkan ni mo rí. Mo gé etí rẹ̀ díẹ̀. Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi kọ́ igi agbálùmọ̀. N kò pe ọfọ̀ kankan, n kò mọ ọ̀kan. Gbogbo ohun tí mo sọ ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí fọ́tò mi lọ."

Fọ́tò mi lọ. Bí Màmá Akọrin ṣe rí ààlè náà ló pariwo pé, "A ní Jésù! Ẹ̀rù kò bà wá!" Òun ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè.

Láti ọjọ́ náà, èmi nìkan ni mo ń gun òkè. Mo máa ń dọ́gbọ́n pé mo fẹ́ lọ ṣe gáà. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ìyàwó mi ṣàánú mi, ó wá àgbo wá fún inú rírun. Ó korò bí nǹkan míì. Ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Ní ọjọ́ tí a ń tú àgọ́, awakọ̀ ń fọn fèrè, ẹrù pọ̀, mo gbàgbé láti lọ tú ààlè mi. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni, mo gbàgbé ni.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí ọlọ́kadà kan fi sọ fún mi pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń jà lọ́nà Àpòmù nítorí igi agbálùmọ̀. Mo mọ igi tó ń wí. Síbẹ̀ mo mú bírò mi, mo lọ.

Bàbá Ràímì àti Ìyá Sìdí àbúrò rẹ̀ ló jọ ni oko náà. Àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyá wọn ló gbin igi náà. Lọ́dọọdún, Ìyá Sìdí ló máa ń ṣa agbálùmọ̀ rẹ̀, á gbé e lọ sí etí títì ní Ìkirè. Láti ìgbà tí ìyàwó Bàbá Ràímì sì ti kú, ọbẹ̀ Ìyá Sìdí ni Bàbá ń jẹ, ní alaalẹ́, láìyẹ̀ ọjọ́ kan.

Ìyá Sìdí gbé agbọ̀n dé ìdí igi, ó bá ààlè. Ó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú omijé: "Akọ̀wé, ìwọ gbọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan la ni igi yẹn. Èmi kò so ààlè. Ṣé igi ló so ó fúnra rẹ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n mi kúkú pè mí lólè."

Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ Bàbá Ràímì. Gààrì tútù ló wà níwájú rẹ̀, kò sí ẹ̀pà, kò sí ṣúgà. "Ààlè!" ló sọ. "Fún èmi! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n nígbà tí kò tíì lè rìn! Ó dáa. Kó máa jẹ agbálùmọ̀ rẹ̀, kí èmi máa mu gààrì mi."

Ẹ ò rí i? Ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé òun kọ́. Ẹnìkejì ló kù.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo kọ ohun tí wọ́n sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó jáde ní ojú ìwé àkọ́kọ́. Olóòtú mi ní, "Ìròyìn rèé! Má fi í sílẹ̀." N kò fi í sílẹ̀.

Nínú ìròyìn kejì, mo wá àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Màmá Akọrin sọ fún mi pé, "Mo fojú mi rí i. Ó ń mì tìtì, bẹ́ẹ̀ kò sí afẹ́fẹ́ kankan." Ẹ̀yin èèyàn mi, ọyẹ́ fẹ́ lọ́jọ́ náà débi pé ó gbé tapólì méjì lọ. Síbẹ̀ mo kọ ọ́. Àwọn arákùnrin ìjọ padà wá, wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n ń wọ́n òróró sí ààlè náà. Ìyá olórìṣà kan ládùúgbò gbé obì àti ẹ̀kọ tútù sí ìdí rẹ̀ kó má bàa bínú. Ìyá náà mi orí, ó ní, "Ẹni tó so èyí, ọwọ́ rẹ̀ le." N kò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi sí.

Ìròyìn kẹta ní fọ́tò. Ìyàwó mi gbé ìwé náà súnmọ́ ojú.

"Bàbá Tósìn, aṣọ ara ààlè yìí jọ ìró mi."

"Aṣọ pupa pọ̀ láyé."

"Èyí tó ní ẹyẹ funfun létí?"

Mo ní wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ó kàn ń wò mí bí mo bá ń jẹun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan láti tú u. Agbálùmọ̀ ti jábọ́ sílẹ̀ kítikìti, ó ń rà, eṣinṣin bò ó. Mo na ọwọ́. Mo wo òróró. Mo wo obì. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ààlè yẹn nígbà tí mo so ó, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí àwọn yìí ti fi kún un látìgbà náà. Ọwọ́ mi padà sínú àpò. Nínú àpò náà ni fóònù ti dún, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ṣì dára. Olóòtú mi ni. Ó ní Baálẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, kí n sáré débẹ̀.

Lójú ọ̀nà, mo pàdé Káyọ̀dé. Ó ní tí àwọn bá tún pàgọ́, ọparun gígùn kan ni àwọn máa rì mọ́lẹ̀, àwọn á so fóònù kan sínú ọ̀rá lórí rẹ̀, á máa pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún gbogbo àgọ́ nísàlẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ò bi mí, sà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ mi lè lọ, torí kò sí olóòtú tó máa gba ẹni tó dá ìròyìn sílẹ̀ tó tún wá ń kọ ọ́. Tí n kò bá jẹ́wọ́, àgbàlagbà méjì ni mo tú ìdílé wọn ká nítorí fọ́tò kan. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún, ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò? Àbí ìyàwó mi ni kí n kọ́kọ́ ra ìró fún?

Ẹ dáhùn kíá, torí Baálẹ̀ ti sọ ohun tó kàn. Ó ní kí gbogbo ẹni tó pàgọ́ nígbà ọyẹ́ pé jọ sí ìdí igi náà ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta. Ẹni tó so ààlè ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, yóò bẹ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Tí kò bá jáde, Bàbá Ràímì á búra, Ìyá Sìdí á búra, lẹ́yìn náà wọn á gé igi ìyá wọn lulẹ̀ kí ìjà lè tán. Wọ́n ti bá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgégi sọ̀rọ̀.

Baálẹ̀ wá kọjú sí mi. Ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tó ṣe é lè rí i kà.

Mo kọ ọ́. Ó ti rí i kà.