Mo Ya Òkú Ẹni Tó Ṣì Wà Láàyè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ sún mọ́bí díẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé pariwo. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Olùkọ́ ni mí, àwòrán yíyà ni mo sì mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, bí mo bá ti mú pẹ́ńsù láti ya ojú èèyàn báyìí, màá gbé e sílẹ̀, màá wá sọ fáwọn ọmọ kíláàsì pé kí wọ́n ya ìkòkò tàbí ewé. Wọ́n rò pé mo ti ń darúgbó ni. Wọn ò mọ̀ pé ìyá kan wà ní Ìbàfò tí mo ba àárín òun àti ọmọ bíbí inú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ṣe ibi tó sì mọ̀ pé ibi lòun ń ṣe, ó lè tètè tọrọ àforíjì. Èmi tí mo pe tèmi ní oore ńkọ́?

Ilé-ìwé aládàáni kan ní Mówè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò jìnnà sí títì márosẹ̀, débi pé bí ọkọ̀ àjàgbé bá fọn fèrè, àfi kí n dákẹ́ kó kọjá. Àwòrán ni mo ń kọ́ wọn, wọ́n tún fi ẹ̀kọ́ ìtàn kún un fún mi nígbà tí olùkọ́ ìtàn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò fẹ́ gbọ́ ìtàn rárá, oorun ni wọ́n ń fi í sùn. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti ka orúkọ ọba àti ológun títí ẹnu fi ń ro mí, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Mà, gbogbo àwọn obìnrin ìgbà yẹn, ṣé wọ́n ń sùn ni?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn bá mi délé. Ni mo bá ní kí oníkálukú lọ bá ìyá àgbàlagbà kan nínú ẹbí rẹ̀, kó bèèrè ìtàn ayé rẹ̀, kó sì yà á ní ojú ewé méjìlá, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ ni kẹ́ ẹ yà. Ẹ má yọ, ẹ má fi kún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ọmọ tó ń sùn jí! Ọmọ kan rí i pé agbẹ̀bí tó kọ́kọ́ gun alùpùpù ládùúgbò wọn ni ìyá bàbá òun. Òmíràn gbọ́ pé ìyá ńlá òun ló ra ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé bàbá bàbá òun ló rà. Inú bàbá ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn.

Mọ́rẹ́nikẹ́ wà lára wọn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń gbé, ní Ìbàfò, nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni òun àti ìyá àgbà náà, tí mò ń pè ní Màmá, fi ń jókòó ti ara wọn bó bá ti dé láti ilé-ìwé. Nígbà tó kó iṣẹ́ rẹ̀ dé, ṣe ni mo jókòó. Abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀yọ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n bí Màmá sí, ó sì bá a dé Ifọ̀, níbi tí ọkọ gbé e wá. Ó bí ọkùnrin kan, Lásísì, ó tún bí obìnrin kan, èyí tí í ṣe ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́. Ojú ewé kẹfà ni ọkọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ọmọ náà kò ya ojú ọkọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló yà, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Ojú ewé keje ni Màmá ti sá lọ lọ́sàn-án gangan, ọmọbìnrin lẹ́yìn, ẹrù lórí. Lásísì ọmọ ọdún mẹ́rin kò sí nílé. Ìyá ọkọ ti fura pé ìyàwó lè sá, ló bá ń mú ọmọkùnrin náà lọ sóko lójoojúmọ́, torí ó mọ ohun tó lè dá abiyamọ dúró. Màmá dúró lójú ọ̀nà oko títí, wọn ò dé. Nígbà tó tó àkókò tí ọkọ máa ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹ̀rù bà á, ó lọ. Ojú ewé kẹjọ àti ìkẹsàn-án ni gbogbo ìgbà tó padà wá wo ọmọ rẹ̀. Ó gbé àkàrà lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé ọmọ náà, wọ́n lé e. Ó fi bàtà tuntun rán aládùúgbò, wọ́n dá bàtà padà. Wọ́n wá sọ fún Lásísì pé ìyá rẹ̀ kò bèèrè rẹ̀ rí. Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn títí tó fi di bàbá ọlọ́mọ, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní Ifọ̀.

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí iṣẹ́ yẹn. Kí ni mo ṣe? Ẹ̀rù bà mí. A fẹ́ lẹ gbogbo àwòrán mọ́ ògiri lọ́jọ́ tí àwọn òbí ń bọ̀. Onílé-ìwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ìyàwó pásítọ̀ ni. Mo rò ó pé àwọn òbí á ní à ń kọ́ ọmọ wọn láti kọ ọkọ. Mo tún rò ó pé Màmá arúgbó yìí ńkọ́? Ṣé gbogbo Mówè ló yẹ kó gbọ́ pé ó sá nílé ọkọ, ó fi ọmọ sílẹ̀? Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí aṣọ bá ya mọ́ àgbà lára, ìró tiwa la fi ń bò ó. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bo àṣírí ẹlòmíràn, Ọlọ́run á bo tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́ èyí tó kù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wà lọ́dọ̀ ọkọ tó ń nà mí, n kò kúrò, òun ló kúrò nígbà tó wù ú. Ojú ewé keje yẹn ń bí mi nínú. Ṣe ló dà bíi pé obìnrin yẹn yíjú padà, ó ń bi mí pé kí ló so mí mọ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo yọ ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà kúrò, láti ìkẹfà dé ìkẹsàn-án, mo sì ya ẹyọ kan dípò wọn. Mo ya yàrá àtijọ́ kan, mo tẹ́ òkú ọkùnrin sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi aṣọ funfun bò ó dé àyà, mo wá mú Màmá jókòó tì í nínú aṣọ dúdú. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ọkọ rẹ̀ kú, ó sì di opó. Mo sín ọwọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ jẹ débi pé ìyá rẹ̀ gan-an kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ṣebí opó sàn ju asálọ lọ? Gbogbo ayé ló ń káàánú opó. N kò tiẹ̀ bèèrè bóyá ọkùnrin náà ṣì wà láyé. Èmi tí mo máa ń sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" bí ọmọdé bá fi ikú ṣeré lẹ́nu lásán, èmi ni mo gbé aṣọ òkú wọ ẹni ẹlẹ́ni.

Láàárọ̀ Sátidé, Mọ́rẹ́nikẹ́ rí i lára ògiri. "Mà, àwọn ojú ewé mi dà?" Mo ní mo ti bá a tún un ṣe. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá yẹn ò tíì kú, Mà. Wọ́n wà n'Ífọ̀. Gráńmà sì ti pe Ọ́ńkù pé kí wọ́n..." Mo dá ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní Mọ́mì ló ní ká yọ ọ́. Irọ́ ni! Mọ́mì kò rí àwọn ojú ewé náà rárá. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má yọ, ká má fi kún un." Mo ní kó lọ máa kí àwọn àlejò. Mo ṣì lè fa bébà yẹn ya nígbà yẹn. Àwọn òbí ti ń wọlé, ojú ń tì mí, mo fi í sílẹ̀.

Nígbà tó di bí agogo mọ́kànlá, Màmá dé, ó wọ léèsì tó ti pẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, irun rẹ̀ ti ń funfun, bùbá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Lásísì ni. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé nítorí rẹ̀ ni Màmá ṣe sọ gbogbo ìtàn yẹn jáde. Bó bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e, ẹnu Màmá náà kò sì gbà á láti sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó gbà pé bí ọmọ òun bá fojú ara rẹ̀ rí i, yóò yé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rán Mọ́rẹ́nikẹ́ sí i kó tó gbà láti wá. Màmá ò mọ̀wé, ìka ló fi ń ka àwòrán náà fún un. "Ibi tí wọ́n bí mi sí nìyí. Ìyàwó tí wọ́n gbé mi nìyí. Ìwọ rèé lẹ́yìn mi, yẹtí mi lo máa ń fà ṣáá." Lásísì rẹ́rìn-ín. Mo rí ẹ̀rín yẹn pẹ̀lú ojú mi. Ìka Màmá wá dé orí àwòrán tèmi, ó dúró síbẹ̀.

"Ta ló kú yìí?" Lásísì bèèrè. Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Bàámi nìyí? Bàámi tí mo po ògì fún láàárọ̀ yìí kí n tó jáde nílé? Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti fi mí sílẹ̀, òkú bàbá mi lẹ wá pè mí wá wò! Wọn ò kúkú parọ́ mọ́ yín." Màmá wo Mọ́rẹ́nikẹ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ wò mí. Kí n ṣáà ti sọ pé èmi ni mo yà á, ọ̀rọ̀ parí. Mọ́mì dúró nítòsí pẹ̀lú àwọn òbí, ó ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń to ìgò míńírà sínú kúlà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà níbẹ̀, ìgò ni mò ń tò. Nígbà tí mo máa fi nàró, Lásísì ti gun ọ̀kadà lọ, Màmá sì dúró sí géètì, ó di irin rẹ̀ mú.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lọ kúnlẹ̀ fún un ní Ìbàfò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan irọ́ tí mo pa mọ́ Mọ́mì. Mo ní àṣírí rẹ̀ ni mo fẹ́ bò. Ìbá bú mi, ara ìbá tù mí. Omi ló bù fún mi. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ta ló bẹ̀ ọ́? Mo ti fẹnu ara mi bò ó fún ogójì ọdún ó lé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí i ni." Mọ́rẹ́nikẹ́ kọjá níwájú mi láì kí mi. Màmá pè é padà, ó ní kó kúnlẹ̀ kí olùkọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Kò ya nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, bàbá Lásísì kú ní Ifọ̀. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni, ó ti pẹ́ tó ti wà lórí àìsàn, àmọ́ ta lẹ fẹ́ sọ ìyẹn fún? Wọ́n ní ìyàwó àtijọ́ ló fi àwòrán pe ikú sí i. Etí òde ni Màmá ti gbọ́. Mo kó ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo yọ, mo wọkọ̀ lọ sí Ifọ̀ láti lọ jẹ́wọ́. Mo rí ṣọ́ọ̀bù Lásísì lókèèrè, mo rí òun náà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ irin, iná ń ta. Mo dúró lábẹ́ ìbòòji títí, mo sì wọkọ̀ padà sí Mówè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá lọ nísinsìnyí, wọ́n lè ní Màmá ló tún fi àwòrán mìíràn rán mi, wọ́n sì lè lù mí. Bí n kò bá lọ, Màmá ò lókun mọ́, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló sì yẹ kó sin ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Mọ́rẹ́nikẹ́ pè mí, ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ náà. Ó ní Gráńmà ti sọ pé bóun bá kú, kí ẹnikẹ́ni má ránṣẹ́ sí Ifọ̀, torí Lásísì kò ní gbà pé òótọ́ ni, yóò ní wọ́n tún ti yà á ni.