Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Tíṣà Mùtíù Nítorí Géèmù Tí Kò Parí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé èébú tọ́ sí mi. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún nínú ilé wa, torí pé àwọn ará ilé wa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà máa fọ́ mọ́ lórí.

Obìnrin ni mí. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé pẹ̀lú bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ráfíà. Àwòrán ni mo ń yà, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń yà á. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n wá jẹ́rìí ta ko ọkùnrin kan níwájú àwọn àgbà. Ọkùnrin náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni mo ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan wà ládùúgbò wa tó ń jẹ́ Táíwò. Bọ̀dá Táíwò ni mo máa ń pè é. Ó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, ó sì fẹ́ ṣe géèmù kan tí odídẹ á ti máa fò káàkiri Ìwó àtijọ́, tí á máa wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí àwọn tó bá fẹ́ràn rẹ̀ dáwó sí i, pé tó bá fi máa di àmọ́dún, géèmù á ti parí, àwọn tó dáwó ló sì máa kọ́kọ́ rí i gbà. Àwọn ọmọ Ìwó dáwó láti Èkó, láti Kánò, láti òkè òkun. Inú wa dùn. Ó gbà mí síṣẹ́, ó sì ń san owó oṣù fún mi.

Ọdún náà pé, géèmù ò parí. Òmíràn tún pé. Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Táíwò ò jalè, mo fi Ọlọ́run búra. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí mo bá ya odò tán, á ní omi náà ò ṣàn bí omi. Bí mo bá ya ọjà tán, á ní òjò gbọ́dọ̀ máa rọ̀ níbẹ̀, kí àwọn ọlọ́jà máa sáré kó ẹrù. Iná ò sí, epo jẹnẹrétọ̀ ń wọ́n sí i, dọ́là ń gòkè, bẹ́ẹ̀ dọ́là la fi ń ra ohun tí a nílò. Ṣe ni owó ìdáwó ń lọ bí omi tí wọ́n bu sínú ajere. Ló bá tún ní kí wọ́n dá sí i.

Àwọn tó dáwó ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ tó dára kì í yá, pé àwọn òyìnbó tó ń fi owó ìdáwó ṣe géèmù pàápàá máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì. Bàbá kan láti Kánò ní, "Ọmọ tí mo tìtorí ẹ̀ dáwó ti wọ yunifásítì, kò rántí géèmù mọ́." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀ ni Tíṣà Mùtíù. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé aládàáni kan ní Ìwó, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà ló sì ń gbé. Mi ò rí i rí. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, torí ó máa ń gba ohùn sílẹ̀ fún wa gbọ́. Kì í bú èèyàn. Ó ní, "Bọ̀dá Táíwò, ẹ dákun, ẹ má fi nǹkan kún un mọ́. Èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ gbé e jáde bẹ́ẹ̀, kó kéré. Tó bá yá, ẹ lè máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ká mọ bí ẹ ṣe ná owó wa."

Òótọ́ ló sọ. Odídẹ ti ń fò. Èmi fúnra mi ti fi géèmù náà ṣeré dé òpin, mo sì sunkún nígbà tí odídẹ rí ọmọ rẹ̀. A lè gbé e jáde nígbà yẹn. Àmọ́ mo mọ̀ pé ọjọ́ tó bá jáde ni owó oṣù mi dópin. Ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe bàbá mi, ọrùn mi sì ni owó oògùn wọn wà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi ìyẹn wí àwíjàre. Bó ṣe rí ni mò ń sọ.

Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbè sẹ́yìn Tíṣà, ẹ̀rù bà mí. Mo ra síìmù tuntun, mo fi wọ inú ẹgbẹ́ náà, mo pe ara mi ní Olóòótọ́ Ìwó. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo mọ Tíṣà Mùtíù dáadáa, pé ó fẹ́ jí géèmù náà tà fún àwọn kan l'Ékòó, àti pé ó ti gbowó lọ́wọ́ àwọn òbí ọmọ iléèwé rẹ̀ rí, tó kó o jẹ.

Irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Mo rò pé wọ́n kàn máa ní kó dákẹ́ ni. Ṣe ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ mi kiri orí fóònù, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí, ó dé etí ẹni tó ni iléèwé. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Kò tán síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan tó dáwó lọ bá a nílé ní Olúpọ̀nnà. Kò sí nílé. Ìyá rẹ̀ ló di ilẹ̀kùn mú, ni wọ́n bá fipá tì í. Ìyá ṣubú, egungun itan rẹ̀ sì kán.

Ọ̀sán ni mo ka ìròyìn yẹn, ìrẹsì wà lẹ́nu mi. Mo tu ú dànù. Mo yọ síìmù náà, mo jù ú sí ṣáláńgá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Bọ̀dá Táíwò. Nígbà tó yá, owó tán pátápátá, Bọ̀dá Táíwò ti kọ̀ǹpútà pa, ó padà sídìí oko bàbá rẹ̀ ní Kuta. Géèmù ò jáde di òní. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lọ́dún tó kọjá, Àǹtí Ráfíà mú ọkùnrin kan wá kí bàbá wa. Ọkùnrin náà ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà Odò-Orí, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Mùtíù ni orúkọ mi, ọmọ Olúpọ̀nnà ni mí."

Ohùn yẹn! Ife omi tí mo gbé dání bọ́ lọ́wọ́ mi. Àǹtí mi ní, "Kí ló ṣe ẹ́? Ṣé o rí àǹjọ̀nú ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu omi náà nílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn dáadáa ni. Bí bàbá mi bá fẹ́ lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé wọn. Àbúrò mi ló ń pè mí. Wọ́n ti fi yìgì òun àti àǹtí mi sí oṣù tó ń bọ̀.

Wọ́n mú mi lọ kí ìyá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀pá ni ìyá fi ń rìn, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ dìde nítorí mi. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà pé ojú ò ní tì mí láéláé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ kan itan wọn, wọ́n ní, "Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn nípa ọmọ mi, mo bẹ Ọlọ́run kó má fi í hàn mí. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mi ò mọ ohun tó máa jáde lẹ́nu mi."

Mo ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, bí orí bá fọ́ mi, mo máa ń rò pé èpè náà ti dé nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ mi látẹ̀yìn, ṣe ni màá yára yí padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀dá Mùtíù jókòó tì mí níta. Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ àti Táíwò lẹ jọ ṣiṣẹ́. Òun ni Olóòótọ́ Ìwó, àbí? Ta ló tún lè jèrè níbẹ̀?" Ó ní òun ti sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá òun, pé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n máa pe Táíwò wá láti Kuta síwájú àwọn àgbà, bí kò bá sì jẹ́wọ́, wọ́n á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. "Ìwọ ni mo fẹ́ kó o jẹ́rìí. Má bẹ̀rù, mo wà lẹ́yìn ẹ."

Mo ní mo gbọ́. Ẹ wo ẹnu mi, mo ní mo gbọ́!

Bọ̀dá Táíwò náà pè mí. Ó ń sunkún. "Mo ná owó wọn ní ìná àpà, mo gbà. Ìgbéraga ni ò jẹ́ kí n gbé e jáde. Àmọ́ mi ò kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé o mọ̀ pé mi ò kọ ọ́?" Mo ní, "Mo mọ̀, sà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lánàá, èmi àti Àǹtí Ráfíà jọ ń ṣa ẹ̀wà. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ní, "Àǹtí mi, tó bá jẹ́ èèyàn wa kan ló ṣe é ńkọ́?" Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Èèyàn wa ò lè ṣe irú ẹ̀. Bó bá sì ṣe é, èèyàn wa kọ́ nìyẹn." Mo tẹrí ba, mò ń ṣa ẹ̀wà mi lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Bí mo bá dákẹ́, ẹni kejì ló fẹ́ ṣubú nítorí mi yìí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, yìgì lè má wáyé, bàbá mi ò sì ní agbára ìtìjú. Kì í ṣe bóyá kí n jẹ́wọ́ ni mò ń bi yín. Mo ti mọ̀ pé màá jẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi ni ò mọ ilé tó máa kọ́kọ́ yà. Ṣé ọ̀dọ̀ ìyá ní Olúpọ̀nnà ni? Ṣé Bọ̀dá Mùtíù ni? Ṣé Kuta ni kí n gbà lọ? Àbí àǹtí mi, tí wọ́n wà nínú yàrá kejì báyìí, tí wọ́n ń kọrin bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ?

Ẹ dá mi lóhùn kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?