Mo Wọ Ilé Alájì Láàárọ̀ Iléyá

Ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ikú ni adájọ́ sọ mí sí. Èdè Faransé ló fi sọ ọ́, mo sì ti gbọ́ kí ògbufọ̀ tó la ẹnu. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Sokodé, ní ilẹ̀ Tógò, ni mo wà, a há nínú yàrá kan bí iṣu nínú abà. Ẹni tó bá wá sọ fún mi pé iṣẹ́ Èṣù ni, mo máa ń lé e kúrò lọ́dọ̀ mi. Èṣù kò fo ògiri ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fò ó.

Ọmọ Kambolé ni mí. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, Ràfátù ni ìyá mi. Mo kórìíra ebè kíkọ, ni mo bá lọ sí Sokodé, mo ń fi alùpùpù gbé èrò ní àdúgbò Komah. Ẹni tó ń gbé èrò máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀, mo gbé obìnrin kan láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀. Lẹ́yìn mi ló ti ń pariwo sínú fóònù pé, "Gbogbo wa ti ń lọ sábúlé o. Abẹ́ ìkòkò omi ni kọ́kọ́rọ́ wà." Mo já a sílẹ̀, mo ṣàdúrà ìrìn àjò fún un, mo sì padà lọ gbé fáànù rẹ̀. Ọkùnrin tó rà á lọ́jà kò bi mí níbi tí mo ti rí i. Inú ń bí mi sí òun náà di òní.

Sálìfù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé inú yàrá kan, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. "Fáànù? Ìwọ tí o mọ gbogbo ilé tó máa ń ṣófo lọ́dún?"

Kí n má parọ́, èmi ni mo dárúkọ ilé Alájì ní Tchamba. Ọmọ ìlú wa ni, oníṣòwò iṣu, ọ̀rẹ́ bàbá mi. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, mo gbé e dé ilé rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé, "Tí a bá ti yídì dé, wá jẹ ẹran lọ́dọ̀ wa. Ilé rẹ nìyí." Ohun tí mo mú nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé kò ní sí ẹnì kankan nílé láàárọ̀ ọdún.

Sálìfù dúró ti alùpùpù lẹ́nu ọ̀nà, mo fo ògiri. Mo ń gbọ́ ohùn ìmáàmù láti yídì. Mo ti ṣí àpótí Alájì nígbà tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Ọmọ Ràfátù, ṣé yídì ti tú ni?"

Ìyá Alájì ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú tí kò fi lè lọ. Ó di ògiri mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó rò pé ẹran ọdún ni mo wá jẹ. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ mi nínú àpótí.

"Kí lo ń wá nínú àpótí ọmọ mi?"

"Ìyá, ẹ dákẹ́."

Kò dákẹ́. Ó pe orúkọ mi, ó pe ti bàbá mi. Mo fi ìrọ̀rí bò ó lẹ́nu, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo tún padà sídìí àpótí. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Mo tún padà sídìí àpótí.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn jáde, Sálìfù ti gbé alùpùpù mi sá lọ. Alájì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀ nínú aṣọ funfun. Ó nawọ́ sí mi.

"O tètè dé. Wọlé, wá bá wa di àgbò mú."

Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti wọlé ṣáájú wa, ó sì figbe ta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi.

Ẹ̀yin onílé, ẹ yé sọ fún gbogbo ayé pé ẹ ń lọ sọ́dún. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ má sì fi arúgbó sílẹ̀ lóun nìkan. Ṣùgbọ́n kí olè kankan má fi èyí wí àwíjàre. Ilé tó ṣófo kò ránṣẹ́ pè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ọ̀rẹ́ tó bá ń fi olè jíjà ṣẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá ti jí, ẹ dá a padà lónìí. Bí wọ́n bá fẹ́ lù yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n lù yín. Ẹni tí wọ́n lù lónìí lè jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé.