Omi tí wọ́n fi ìgbàgbọ́ pọn

Nínú ọkọ̀ Akanran, obìnrin aláṣọ funfun méjì tó ń lọ síbi ìkórè ìjọ wọn jókòó níwájú mi, èyí tó kéré lọ́jọ́ orí ń kùn:

"Màmá, mo kọ iṣẹ́ oníkálukú sí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹni tó bá ṣe tiẹ̀ tán ni kó máàkì í. Ẹ ti máàkì omi pípọn tiyín. Mo yọjú sínú àgbá lánàá, ó gbẹ táútáú!"

"Ọmọ mi, ìgbàgbọ́ ni mo fi máàkì í."

"Alásè rí tiyín, lòun náà bá fi ìgbàgbọ́ máàkì ìrẹsì!"

"Àbí ìwọ ò nígbàgbọ́ ni?"

"Mo ní in, Màmá. Àmọ́ òùngbẹ á ti máa gbẹ àwọn àlejò báyìí. Tí a bá débẹ̀, ẹ bá mi bu ìgbàgbọ́ yẹn fún wọn mu."