Èmi Ni Mo Fa Omi Gbígbóná Tó Bó Ẹ̀gbọ́n Mi Lójú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì jáde lẹ́nu mi rí. Ọkọ mi gan-an kò mọ̀. Mo ti pinnu pé mo máa sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Ìyẹn ni mo ṣe wá bá yín.

Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí wa sí. Bọ̀dá Fẹ́mi ni ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Nígbà tí bàbá wa kú, ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Bọ̀dá fi ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Àkùngbá. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi rán mi nílé ìwé. Ìgbà tó yá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Tí wọ́n bá ti wà á díẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru hàn á ti gòkè, omi á sì máa hó nínú rédíétọ̀. Bọ̀dá máa ń dúró ti àwọn mẹkáníìkì, wọ́n sì mọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bọ̀dá ní àwọn á tún un ṣe fúnra àwọn nílé. Wọ́n kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e jáde kí àwọn tó rí ibi tí omi ń gbà lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà nígbà náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ní inú ń run mi. Màmá àti Bọ̀dá fi mí sílé, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Inú kankan ò run mi. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo wa ọkọ̀ lọ sí Ùgbè, kí ọ̀rẹ́ mi kan lè rí mi nídìí ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kàn fẹ́ kí ó rí mi.

Nígbà tí mò ń bọ̀, abẹ́rẹ́ náà gòkè títí ó fi kan ibi pupa. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ mi ò dúró. Mo wà á wọlé, mo gbé e sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ nínú oòrùn. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí mo fi gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Bọ̀dá bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jáde lọ síbi ọkọ̀, mo tẹ̀lé wọn, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fọwọ́ kan irin, wọ́n tètè fà á pa dà. Wọ́n wá bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Ṣé kò sí ẹni tó wa ọkọ̀ yìí lónìí?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó wà á, Bọ̀dá. Oòrùn ló ń pa á."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Mo rí i tí wọ́n gbé ọwọ́ lé ìdérí rédíétọ̀. Àyè wà fún mi láti pariwo. Mo dákẹ́, torí tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀ pé mo ti purọ́. Ìdérí náà fò, omi tó ń hó sì tú sí wọn lójú, lọ́rùn àti láyà.

Ara wọn san, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún kò ríran mọ́. Wọn ò lè fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Màmá wa a máa sọ fún gbogbo àlejò pé ìwàǹwára ló ba ọmọ òun jẹ́. Bọ̀dá náà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti sọ fún àwọn pé irin náà gbóná, àwọn ni àwọn ò ní sùúrù. Màmá kú pẹ̀lú èrò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo tọ́jú wọn títí tí wọ́n fi kú, mi ò sì sọ ọ́.

Ọ̀kà ni Bọ̀dá àti ìyàwó wọn ń gbé báyìí, wọ́n ń ta ohun èlò ọkọ̀. Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo pè wọ́n, wọ́n sì wá sílé mi ní Ìkàrẹ́ pẹ̀lú Tọ́pẹ́, àkọ́bí wọn obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọkọ̀ náà. A jókòó, a ń jẹ ẹ̀pà, títí ẹ́ńjìnnì fi tutù pátápátá. Nígbà náà ni Tọ́pẹ́ fi aṣọ tó nípọn bo ìdérí, ó rọra ṣí i. Omi ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó bu omi kún un, ó ní kí n tan ọkọ̀. Ó wo fáànù, ó ń yí dáadáa. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo rọ́bà tí omi ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó sì rí i pé ó ti sán lábẹ́, omi ń kán níbẹ̀. A tún pa ọkọ̀, a tún dúró, ó pààrọ̀ rọ́bà náà, ó sì tún bu omi kún un. Nígbà tí a tan ọkọ̀, abẹ́rẹ́ dúró láàárín, kò gòkè mọ́.

Mo ń yin ọmọ náà nígbà tí Bọ̀dá fọwọ́ kan ojú wọn.

Wọ́n ní, "Tọ́pẹ́, má fìwà jọ mí o. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba ojú ara mi jẹ́. Kò sí ẹni tó ṣe mí."

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ojú tì í nítorí bàbá rẹ̀, mo rí i. Ohun tí mi ò lè gbà mọ́ nìyẹn.

Mo ti pe Bọ̀dá pé mò ń bọ̀ ní Ọ̀kà ní Sátidé. Wọ́n bi mí bóyá ọkọ̀ tún ti gbóná ni. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ni. Mo máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gbàgbé ohun tó ti kọjá. Tí wọ́n bá lé mi jáde, màá gbà á.

Ohun tí mò ń bi yín nìyí. Ṣé kí n pè wọ́n sí kọ̀rọ̀, kí wọ́n lè sunkún tàbí kí wọ́n bú mi láìsí ẹni tó ń wò wọ́n? Àbí kí n sọ ọ́ níwájú ìyàwó wọn àti Tọ́pẹ́, kí ọmọ náà gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an pé bàbá òun kì í ṣe oníwàǹwára, pé wọ́n béèrè kí wọ́n tó ṣí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí Sátidé tó dé.