Omi Mímọ́ Tí Wọ́n Gbé Kaná

Lọ́dún tí onígbáméjì jà ní Okokomaiko, mo wà lórí ìlà abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ìbà, obìnrin kan tó ń dáná fún àwọn Sístà ìjọ Kátólíìkì sì ń bá Alhaja àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ níwájú mi.

"Alhaja, gbogbo omi la ń sè nílé àwọn Sístà báyìí, títí kan èyí tí wọ́n fi ń fọ eyín. Sístà kékeré kan wá ní ká se omi mímọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà, torí gbogbo wa la ń tọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Ṣé ẹ sè é?"

"Màdá, ọ̀gá wọn, kọ̀. Wọ́n ní ohun tí Fadá ti bùkún, kí ni sítóòfù fẹ́ fi kún un? Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìgbẹ́ gbuuru mú Màdá. Lásìkò àṣàrò tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀, àwọn gan-an ló ń pariwo pé kí ẹni tó wà ní ṣáláńgá jáde."

Alhaja fi ìbòrùn bo ẹnu. "Ara wọn ti wá yá?"

"Ó ti yá, lẹ́yìn dírípù mẹ́rin. Ọjọ́ tí wọ́n ti ọsibítù dé, Fadá fẹ́ bùkún omi tuntun. Màdá gba bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní, 'Kọ́kọ́ bá mi sè é. Tó bá tutù, Fadá á bùkún un.'"

"Èwo ló wá ń pa àrùn náà, àdúrà ni àbí iná?"

"Iná ni wọ́n gbà mí pé kí n máa dá, Alhaja. Ẹ bi Fadá ní ti àdúrà."