Ibojì Tí Mo Fi Hàn Quadri

Quadri, jókòó. Ràhmát, jókòó ti ọkọ rẹ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òní lọjọ́ náà. Dókítà ní ọkàn mi ti wú, mo sì mọ̀ pé èmi Yísà, apẹja Eleko, kò ní pẹ́ lọ. Ikú kò bà mí lẹ́rù. Mo ti jẹ ẹja tó dára, mo ti fẹ́ obìnrin tó dára, inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun bí egungun ẹja, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni.

O mọ apá kan níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ ní Oníru ni Sìmbíátù ìyá rẹ ń gbé lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú, nínú ẹ̀sítéètì tí àlejò kò lè wọ̀ láìjẹ́ pé máígàádì kọ́kọ́ pè ọ́. Ó sọ fún ọ pé òun ti rí ọkùnrin tí òun fẹ́ fẹ́. Ìdáhùn rẹ, ó ti sọ fún mi títí mo fi há a sórí: "Màmá, ẹ fẹ́ dójú tì wá ni? Ní ọjọ́ orí yín? Kí ni kí n wí fún àwọn èèyàn wa ní mọ́sálásí?" Nígbà tó di ọjọ́ kejì, o jí, o ò bá a nílé. Fóònù rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Èmi ni ọkùnrin náà.

Èmi ni mo dúró dè é ní oríta Eleko nígbà tí mọ́tò tó háyà já a sílẹ̀. Alfa so yìgì wa, ìyá rẹ rẹ́rìn-ín débi pé gèlè rẹ̀ tú. Arúgbó bíi tèmi ń yọ̀ bí ọmọ tó gba aṣọ Iléyá! Mo ní ká ránṣẹ́ sí ọ, ó kọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀ ná. Ìyá kì í lọ bẹ ọmọ. Òun náà á wá."

O wá lóòótọ́. O ti dé àgọ́ ọlọ́pàá ní Ajah, o ti dé yàrá òkú, kí awakọ̀ tó gbé ìyá rẹ wá tó júwe Eleko fún ọ. Mo ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn. Ojú rẹ ti pọ́n. O na fóònù sí mi: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, màmá mi nìyí. Ṣé ẹ rí wọn?" Ìyá rẹ wà nínú ilé tó wà lẹ́yìn mi, ó ń yan ẹja. Bó bá yọjú pẹ́nrẹ́n, o ó rí i. Jókòó, Quadri, jẹ́ kí n parí ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé bí o bá mú un lọ, máígàádì yín kò ní jẹ́ kí n fojú kàn án mọ́ láé. Ni mo bá ní, "Kò sí mọ́ o." Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kò sí ní Eleko mọ́, kí o lọ wá a síbòmíì. Ìwọ gbọ́ ọ bí gbogbo Yorùbá ṣe ń gbọ́ ọ. O ṣubú sórí iyanrìn. Ìgbì òkun ni kò jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ ẹkún rẹ. Ẹyin lohùn. Mo wò ó bó ṣe fọ́.

Ìyẹn ṣì kéré. Nígbà tí o lè sọ̀rọ̀, o ní, "Ibo lẹ sin wọ́n sí?" Ọlọ́run fún mi láàyè láti sọ òtítọ́ níbẹ̀. Èmi òpònú dìde, mo mú ọ lọ sí itẹ́ òkú, mo nawọ́ sí sàréè kan. Àwáwù, ìyàwó mi àkọ́kọ́, ló wà níbẹ̀. O kúnlẹ̀, o ń sọ pé, "Màmá, ẹ má bínú. Mo gbà kí ẹ fẹ́ ẹ. Mo gbà." Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ti tán lẹ́nu rẹ, síbẹ̀ mi ò sọ̀rọ̀, torí ojú tì mí. Mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ pé, "Quadri wá. Ó ní òun ti gbà." Ó bú sẹ́kún ayọ̀. Ó ní kí ló dé tí o ò wọlé. Mo ní ìtìjú ń mú ọ.

Láti ìgbà náà, bí Iléyá bá dé, o máa ń wá síbi sàréè, o máa ń gbé ẹran sàráà lé mi lọ́wọ́ kí n pín in nítorí ọkàn ìyá rẹ. Màá ti rán ìyá rẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bó bá padà, màá ní ìwọ lo fi ẹran ránṣẹ́. Á ṣàdúrà fún ọ, á sì jẹ ẹ́. Sàráà òkú ara rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rín jẹ! Á yọ itan kan sọ́tọ̀, á yan án gbẹ lórí iná, á ní, "Ti Quadri nìyí. Kò ní pẹ́ wọlé wá bá mi." Itan yẹn ló ṣẹ́gun mi. Ẹrù rẹ̀ wúwo ju òkú lọ.

Àwáwù kí ọ o. Irú àdúrà tí o ń ṣe lé e lórí, kò rí i gbà lọ́wọ́ èmi ọkọ rẹ̀ rí. Bí o bá fẹ́ lù mí, lù mí. Ṣùgbọ́n forí jì mí, ọmọ mi, kí n lè kú bí ọkọ ìyá rẹ, kí n má kú bí olè tó jí i gbé. Kì í ṣe torí kí n lè rí ọ̀run wọ̀ nìkan. Mi ò fẹ́ kó tún yọ itan mìíràn sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò ní wá.

Ìyá rẹ lọ ra ata. Kò mọ̀ pé mo ránṣẹ́ pè yín. Ẹ gbọ́? Òun ló ń bá oníkẹ̀kẹ́ jà lójúde yẹn: "Rọra gbé e sílẹ̀, àbí o fẹ́ gún un fún mi ni?" Ràhmát, di ọkọ rẹ mú. Dìde, Quadri. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní kò sí mọ́. Ìyá rẹ wà.